Ìlà Tí Kò Yẹ Kó Wà Níbẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Èsì iṣẹ́ wa tuntun dé láàárọ̀ yìí láti ọ̀dọ̀ ìwé àtìgbàdégbà tí a fi í ránṣẹ́ sí. Àwọn mẹ́ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni àkọ́kọ́ yìn wá. Ẹni kejì ní kí a tún àwòrán méjì yà. Ẹni kẹta kò yìn wá, kò sì bú wa. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí a wá sẹ́ẹ̀lì tí kò ní Agbàwé, purotéènì tí à ń wádìí, nínú rárá, kí a da àǹtíbọ́dì wa, èròjà tó ń wá a rí tó sì ń dì í mú, sí i, kí a sì fi hàn pé kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ìyọnu. Ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ọ?"

Mo ní yóò tó, yóò tún ṣẹ́ kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ purotéènì náà ní Agbàwé. Lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà méjì lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n mi sì ní èèyàn kì í sọ ọmọ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn nígbà náà pé RNA ni ìwé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ ránṣẹ́ láti yàrá inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, àti pé purotéènì yìí ló ń gba ìwé náà mú kó má baà ṣìnà. Wọ́n ní, "Agbàwé nìyẹn." Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó tún pè é ní nǹkan mìíràn níbi iṣẹ́ wa, títí kan Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn.

Ó dùn mọ́ mi pé iṣẹ́ gígé jíìnì Agbàwé kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe é, àwọn tó ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì fún gbogbo ilé iṣẹ́ wa láti ọdún méjìlélógún. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa mọ̀ bóyá ó gé dáadáa.

Òjò rọ̀ láti aago méjì títí di ìgbà tí mo délé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ òsì wọn kò lè pa dé mọ́. Ní oṣù tó kọjá wọ́n ṣì lè fi í di etí ife mú. Ìyàwó wa ti so ìrọ̀rí pẹlẹbẹ kan mọ́ apá àga wọn kí ọwọ́ náà lè rí ibi sinmi lé.

Awọnlẹ̀ kan tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń wọn ilẹ̀ rí wá kí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ ọ̀tún sí mi, wọ́n ní, "Àbúrò mi nìyí. Òun ló rí ibi tí àìsàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀." Ọ̀rọ̀ wọn ti ń wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n sọ èyí ketekete.

Àlejò náà dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. N kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí mo kọ ní ọdún méjì àtààbọ̀ sẹ́yìn ni pé Agbàwé máa ń sá kúrò ní yàrá inú sẹ́ẹ̀lì lára àwọn tí àìsàn yìí ń bá jà, pé ìta ló ń kóra jọ sí, tí ìwé àṣẹ á fi di ohun tí kò ní olùgbà. Ọdún kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà jáde ni ìka ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé òtútù ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ó gé! Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ka jíìnì náà láti orí dé ìdí. Ẹ̀dà méjèèjì ló já. Wọ́n gbé àwo sẹ́ẹ̀lì náà wá hàn mí bí ẹni ń gbé ìkókó.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe sanra," wọ́n ní. "Wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù lára àwọn."

"Ẹ̀yin náà ti bá wọn sọ̀rọ̀ jù ni."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í bá wọn sọ̀rọ̀, tiyín ló máa ń kú lópin ọ̀sẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Lánàá mo lọ sẹ́ẹ̀lì méjèèjì kúnná, èyí tó ní Agbàwé àti èyí tí kò ní. Mo tò wọ́n sí ojú jẹ́lì tó dì bí ẹ̀kọ, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, iná mànàmáná sì fa àwọn purotéènì wọn lọ, èyí tó kéré síwájú, èyí tó tóbi lẹ́yìn. Mo gbé wọn sórí bébà funfun kan, mo da àǹtíbọ́dì wa lé e, ti ehoro, èyí tí wọ́n mú jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ehoro, tí a ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ti rí Agbàwé ló máa dì mú, ibẹ̀ ló sì máa fi ìlà dúdú hàn sí.

Láàárọ̀ yìí mo ya àwòrán rẹ̀. Ìlà dúdú kan wà níwájú sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, bó ṣe yẹ. Ìlà dúdú kan tún wà níwájú èkejì, níbi tó yẹ kó mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìwọ̀n kan náà, ibi kan náà, ó dúdú bíi ti àkọ́kọ́.

Ó ní láti jẹ́ pé mo ṣi ìgò mú ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo tún un ṣe. Mo fi gègé pupa kọ nọ́ńbà sára gbogbo ìgò, mo sì kà wọ́n sókè bí ọmọ iléèwé. Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ní yàrá wọn. Mo béèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì tó ní Agbàwé lè ti ta dà sínú èyí tí kò ní. Wọ́n dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Dókítà, ọdún méjìlélógún."

"Mo mọ̀, mà. Mo kàn ń béèrè ni."

"Ẹ ò kàn ń béèrè. Ẹ ń fẹ́ kó jẹ́ èmi."

Òótọ́ ni. Mo tọrọ àforíjì. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọn ò fún mi ní ìrẹsì inú abọ́ wọn lọ́sàn-án bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì kò bá mi jiyàn mọ́. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì tuntun láti inú fírísà, wọ́n tún jíìnì rẹ̀ kà, wọ́n wá RNA Agbàwé nínú rẹ̀. Kò sí. Kò sí àmì rẹ̀ rárá. Wọ́n fi bébà èsì náà lé orí tábìlì mi, wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi, wọ́n lọ.

Èmi náà tún ìlà ya ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó ṣì wà.

Nítorí náà kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ìgò, kì í ṣe ọwọ́ mi. Àǹtíbọ́dì náà ni. Kò mọ Agbàwé. Nǹkan mìíràn tó bá a dọ́gba ní ìwọ̀n ló ń dì mú láti ọdún mẹ́rin yìí wá, tó sì ń sọ fún mi pé Agbàwé ni, tí èmi náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

N kò lọ síbi iṣẹ́. Mo fọ aṣọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo tẹ́ àwòrán mẹ́ta náà sórí tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n wò wọ́n títí, wọ́n gbé wọn sún mọ́ fèrèsé, wọ́n tún wò wọ́n.

"Ó lè jẹ́ pé ó ń di nǹkan méjì mú," wọ́n ní. "Agbàwé, àti ìkan mìíràn."

"Tó bá jẹ́ méjì ni, sà, ìlà yẹn ì bá ti fúyẹ́ sí i níbi tí Agbàwé kò sí. Kò fúyẹ́."

Wọ́n ní kí a ra àǹtíbọ́dì mẹ́rin mìíràn láti ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a dán gbogbo wọn wò. Owó wọn ti lé sí i ju ti èṣí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, wọ́n pè mí padà.

"Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní ó dáa. Láti ìgbà tí mo ti délé ni mo ti ń rò ó bóyá ó dáa.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Agbàwé ńkọ́?" Mo ní ó wà. Mo yára dìde lọ bá ìyàwó wa fọ abọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá

Àwọn àǹtíbọ́dì mẹ́rin náà dé nínú páálí tí yìnyín kún inú rẹ̀. Ìgò wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Méjì jẹ́ ti ehoro, ọ̀kan ti ewúrẹ́, ọ̀kan ti eku. Mo ka bébà tó bá wọn wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni mo lọ wá bébà ti àtijọ́ jáde nínú fáìlì wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oríṣi sẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n fi dán an wò, pé ìlà jáde ní ibi ìwọ̀n tí wọ́n retí. Òun nìkan ni wọ́n kọ. Kò sẹ́ni tó fi sẹ́ẹ̀lì tí kò ní Agbàwé dán an wò rí, àwọn tó ṣe é kò ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ti ewúrẹ́ kò mú nǹkan kan níbikíbi. Ti ehoro méjèèjì, ìlà wà níbi tó yẹ, ó tún wà níbi tí kò yẹ.

Ti eku: ìlà kan ṣoṣo níbi tí Agbàwé wà. Níbi tí kò sí, funfun. Funfun báláú.

Mo pe Ìyá Sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ẹ kú oríire." Lẹ́yìn náà wọ́n wo ojú mi. "Àbí kí n má tíì sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí tí mo ti ní èyí tó ń sọ òótọ́, mo gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè tí mo bi ti àtijọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo mú sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn mẹ́fà àti ti àwọn mẹ́fà tí ara wọn le. Mo fi ti eku kùn wọ́n, èyí tó máa tàn bí ewé tútù lábẹ́ awò níbikíbi tí Agbàwé bá wà. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì fi bébà bo orúkọ ara gbogbo gíláàsì náà kí n má baà mọ èyí tí mo ń wò. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. N kò gba ojú ara mi gbọ́ mọ́.

Mo ka ọ̀ọ́dúnrún sẹ́ẹ̀lì. Yàrá inú ń tàn, ìta rẹ̀ ṣókùnkùn. Èyí tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, èyí tó tún tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ó ju wákàtí mẹ́rin lọ kí n tó gbójú sókè. Ọrùn mi ti gan. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ṣí àwọn bébà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: aláìsàn, aláìsàn, alára líle, aláìsàn.

Kò sí ìyàtọ̀. Agbàwé kò sá lọ síbì kankan. Kò tilẹ̀ sún.

"Kí la wá rí nígbà yẹn?" Ìyá Sẹ́ẹ̀lì béèrè. Àwọn ló tọ́ sẹ́ẹ̀lì fún iṣẹ́ yẹn náà.

"Nǹkan mìíràn, mà. N kò mọ orúkọ rẹ̀."

Wọ́n jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. N kò rí wọn kí wọ́n jókòó ní yàrá yẹn rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn kí a tó sọ̀rọ̀.

"A lè kọ àtúnṣe," wọ́n ní. "Gbólóhùn méjì. Pé a ti rí i pé àǹtíbọ́dì náà kò péye tó."

"Sà, kì í ṣe pé kò péye tó. Kò mọ̀ ọ́n rárá. Orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yẹn dúró lé."

"Kí lo fẹ́ kí a ṣe?"

"Kí a fà á padà."

Wọ́n bojú wo ìta. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ń kó ewé tútù tí ìjì já lulẹ̀ lánàá.

"Ọdún mẹ́ta ló kù fún mi níbí," wọ́n ní. Wọn ò fi ṣe ẹ̀bẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń ka nǹkan tí a kọ sára ògiri. "Àwọn mélòó ló ti tọ́ka sí iṣẹ́ náà?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́rin."

"Orúkọ tìrẹ ló ṣíwájú lórí rẹ̀. O mọ̀ pé ìwọ ni yóò dùn jù?"

"Mo mọ̀, sà."

Wọ́n ní kí n fún àwọn di ọjọ́ Ajé.

Mo gba ojú pópó lọ sílé dípò kí n wọ ọkọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá màá lè kọ lẹ́tà náà láìsí ọwọ́ wọn níbẹ̀ tí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe. Mo rìn dé ilé, n kò tíì mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù kẹwàá

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lónìí.

Wọ́n wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Ìyàwó wa ń fi ṣíbí fún wọn ní omi ẹran. Mo dúró títí ó fi nu ẹnu wọn tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ tí mo ṣe yẹn kì í ṣe òótọ́."

"Èwo?"

"Ti Agbàwé. Mo ní ó ń sá kúrò ní yàrá rẹ̀. Kò sá. Ohun tí mo fi ń wá a kò mọ̀ ọ́n, nǹkan mìíràn ló ń fi hàn mí. N kò mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tún wádìí bó ṣe yẹ."

Ó ń gba àkókò kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ kó jọ báyìí, èèyàn ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ ti àìsàn nínú ìdákẹ́jẹ́ wọn.

"Ta ló mọ̀?"

"Àwa mẹ́ta níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì ló tẹ̀ lé wa."

"Tó o bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Àwọn ẹlòmíràn ń kọ́ ilé lé e lórí, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀."

Ojú wọn yí padà. Mo rò pé ìrora ni, mo dìde láti gbé orí wọn, wọ́n sì fi ojú dá mi dúró.

"Ọdún kan àtààbọ̀," wọ́n ní, "ni mo fi ń bá ọ̀rọ̀ yìí sùn. Ìwọ lo gbé e fún mi." Wọ́n mí. "Ìwọ náà lo wá gbà á." Wọ́n tún mí. "Máa lọ."

Ìyàwó wa sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n rọra, òkè àtẹ̀gùn náà ń yọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì kí n tó sọ àpò kalẹ̀. Wọ́n ti kọ lẹ́tà náà. Ojú ewé kan ni, kò sí àwíjàre nínú rẹ̀. Ó sọ ohun tí a ṣe, ohun tí kò tọ́ níbẹ̀, bí a ṣe mọ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé e mọ́.

Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ tí n kò retí. Wọ́n kọ ọ́ pé akẹgbẹ́ àwọn, ìyẹn èmi, béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà bóyá kí a kọ́kọ́ dán àǹtíbọ́dì náà wò sí i, pé àwọn ni àwọn sọ pé ó ti tó.

"Sà, n kò rántí pé mo béèrè."

"Èmi rántí," wọ́n ní. "Ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. A wà lórí àtẹ̀gùn, mo ń kánjú. Buwọ́ lù ú."

Mo buwọ́ lù ú. Àwọn náà buwọ́ lù ú. A fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. A tún kọ ọ̀kan sí ìwé àtìgbàdégbà kejì pé a ti mú iṣẹ́ tuntun náà kúrò lọ́wọ́ wọn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣàyẹ̀wò kẹta. N kò lè sọ pé ọpẹ́ náà dùn lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìyàwó wa pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà.

"Arẹwà," orúkọ tó sọ mí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, "ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn ń sùn."

Mo ń gbọ́ ohùn rédíò nínú ilé. Òun náà mọ̀ pé mo ń gbọ́ ọ.

"Ṣé wọ́n ń jẹun?"

"Díẹ̀díẹ̀. Ẹ fún wọn láyè. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wọn tí wọn ò tíì sọ fún mi. Lóru wọ́n á la ojú sílẹ̀, tí mo bá béèrè, wọ́n á ní kò sí."

Mo fún un ní èso tí mo rà, mo yí padà. Oòrùn mú gan-an.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Lẹ́tà kan dé sórí kọ̀ǹpútà mi láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni, ibi iṣẹ́ tó jọ tiwa. Ó ní oṣù mẹ́rìnlá ni òun fi gbìyànjú láti rí ohun tí mo ní mo rí, tí òun ò rí i. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò dára, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti kó ìwé rẹ̀ sínú páálí, ó fẹ́ lọ wá iṣẹ́ mìíràn, kó tó di pé ó ka lẹ́tà tí a fi fa iṣẹ́ náà padà.

"Mo rò pé èmi ni," ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi gbogbo oṣù yìí ka ohun tí mo máa pàdánù. N kò ka obìnrin yìí mọ́ ọn. N kò mọ̀ pé ó wà.

Mo kọ̀wé sí i. Mo júwe àǹtíbọ́dì eku náà fún un. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ní kí n kọ ọ́ sí i pé sẹ́ẹ̀lì tí kò ní Agbàwé ń bọ̀ wá bá a nínú yìnyín, kó má fi dán nǹkan kan wò kó tó jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ọjọ́ méjì. "Kó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀," wọ́n ní. Mo kọ ìyẹn náà sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje oṣù kọkànlá

Àwọn tó ń ná owó lé iṣẹ́ wa ní àwọn yóò dá apá kan dúró títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí a lo èyí tó wà nílẹ̀.

A lò ó. Mo fi àǹtíbọ́dì eku fa Agbàwé jáde láàyè láti inú sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú gbogbo RNA tó dì mọ́wọ́. Láti inú èyí tí Agbàwé kò sí, nǹkan kan ò jáde. Láti inú èkejì, oríṣi RNA méjìdínlógójì ló bá a wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú ohun tí mo kọ nígbà yẹn. N kò mọ ohun tó ń fi wọ́n ṣe. N kò mọ̀ bóyá ó kan àìsàn ẹ̀gbọ́n mi tàbí kò kàn án. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ó dì wọ́n mú lọ.

Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ìyàwó wa pè mí láàárọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá, kí n mú bébà àti gègé dání.

Àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ara wọn ti rù. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní kí ìyàwó wa náà jókòó. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí, tí mo bá yọ gbogbo ìgbà tí wọ́n dúró mí kúrò:

"Ọdún kẹtàdínlógún rèé. Ọkùnrin kan fẹ́ kọ́ ilé, ó ní kí n wọn ilẹ̀ òun. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta ààlà kan. Mi ò yẹ èkejì wò. Oòrùn ń pa mí. Wọ́n ti sún òkúta yẹn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin."

"Ta ló sún un?" mo béèrè.

"Mi ò mọ̀. Obìnrin kan tó ń yan búrẹ́dì ló ni ilẹ̀ kejì. Ògiri ọkùnrin náà gba àárín ibi tí ààrò rẹ̀ wà. Ó lọ sí kóòtù. Wọ́n pè mí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni mo padà lọ wo òkúta kejì, mo sì rí i pé ìwọ̀n mi kò tọ́."

Ìyàwó wa fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Adájọ́ ní, ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú."

Rédíò ti wà ní pípa. A ń gbọ́ ọmọ aládùúgbò tó ń ka ìwé sókè ní yàrá kejì.

"Obìnrin náà ti kú," wọ́n ní. "Ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí o wá sọ ti Agbàwé, inú bí mi sí ọ. Mo ní nítorí àìsàn mi ni. Irọ́ ni. O ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èmi, ọdún mẹ́tàdínlógún." Wọ́n wo bébà tó wà lórí itan mi. "Ọwọ́ mi kò lè kọ ọ́ mọ́. Bá mi kọ ọ́."

Ojú ewé kan gbà wá ní wákàtí kan àtààbọ̀. Wọ́n sọ orúkọ òpópónà, ọdún, ìwọ̀n ilẹ̀ náà bó ṣe wà lórí àwòrán ìwọnlẹ̀ wọn, láìwo ibì kankan. Níbì kan mo kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní kí n kà á sókè. Wọ́n ní, "Pa ìyẹn rẹ́. Kọ 'mo mọ̀.'" Mo pa á rẹ́, mo kọ mo mọ̀.

Ìyàwó wa ń sunkún, ṣùgbọ́n òun ló gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn, òun ló fi àtàǹpàkò wọn kan yíǹkì, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ bébà náà. Mo sọ fún wọn pé ọmọ obìnrin náà lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n ní kó pè wọ́n. Mo ní ó lè má dárí jì wọ́n. Wọ́n ní ìyẹn kò sí nínú ohun tí àwọn béèrè.

Ọ̀la ni màá fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ fún ọmọ náà.

Nígbà tí mo ń ká bébà náà, wọ́n pè mí. Wọn ò pè mí ní Àbúrò, orúkọ mi gan-an ni wọ́n pè.

"Òògùn àìsàn yìí. Ṣé ó máa bá mi láyé?"

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ ló wà tí èèyàn lè sọ. Mo mọ gbogbo wọn, mo ti sọ wọ́n fún àwọn ẹlòmíràn.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní bá yín láyé."

Ìyàwó wa gbé ojú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó pẹ́ gan-an, n kò sì gbé ojú kúrò.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," wọ́n ní. "Jókòó. Má tíì lọ."

Mo fa àga mi sún mọ́ tiwọn.